Ẹ má gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá ẹ̀ torí pé ebi ń pa á

Ebi ń pa Haiti, orílẹ̀-èdè kan lágbègbè Caribbean, gan-an ni. Àwọn tó ń ṣírò ọ̀rọ̀ oúnjẹ lágbàáyé sọ lọ́dún 2025 pé èèyàn bíi mílíọ̀nù 5.7 ni ò rí oúnjẹ tó tó jẹ níbẹ̀, ìyẹn ju ìdajì orílẹ̀-èdè náà lọ, àwọn tí jàǹdùkú oníbọn lé kúrò nílé sì ti lé ní mílíọ̀nù kan, inú kíláàsì àti ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ wọn ń tẹ́ ẹní sùn sí. Tí nǹkan bá ti rí báyìí, àwọn mísọ́nnárì kì í jìnnà, wọ́n á gbé fọ́tò ọmọ kékeré kan tójú ẹ̀ ti jìn wọnú síta, wọ́n á kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé òrukàn ni, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ràn án lọ́wọ́, àwa onígbàgbọ́ náà á sì yára fowó ránṣẹ́ torí pé àánú ṣe wá. Àánú yẹn dáa, a ò ní kẹ́nikẹ́ni pa á lọ́kàn ara ẹ̀. Ibi tí owó yẹn ń lọ ló ń kọ wá lóminú. Ọ̀dọ̀ ìyá ọmọ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbà lọ, tàbí ìyá àgbà ẹ̀, tàbí àbúrò bàbá ẹ̀, kó tó di pé ẹnikẹ́ni tún kọ́ ilé ọmọ aláìlóbìí míì.

Ìdí ni pé ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n ń pè ní òrukàn ní Haiti kì í ṣe òrukàn rárá. Àjọ kan tó ń jẹ́ Lumos, tí iṣẹ́ ẹ̀ dá lórí àwọn ọmọ tó ń gbé nírú ilé bẹ́ẹ̀, gbé ìròyìn jáde ní 2017 pé bíi 30,000 ọmọ ló wà nínú ilé tó lé ní 700 ní Haiti, àti pé nínú ọmọ mẹ́wàá, mẹ́jọ ló ṣì ní ìyá tàbí bàbá tó wà láàyè. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé yẹn ni ìjọba ò fọwọ́ sí. Àmọ́ owó ò wọ́n wọn o, wọ́n ní ìdá kan nínú mẹ́ta wọn nìkan ń gba bíi mílíọ̀nù 70 dọ́là lọ́dún, ọwọ́ àwọn onígbàgbọ́ ní Amẹ́ríkà ló sì ti ń wá jù.

Ẹ wo bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀. Ilé-ìwé tó pọ̀ jù ní Haiti kì í ṣe ti ìjọba, ti aládàáni àti ti ṣọ́ọ̀ṣì ni, owó ni wọ́n fi ń lọ. Ìyá tó ń ta èédú tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́bàá títì, tó bí mẹ́rin, tí ọjà ò tà mọ́ torí pé àwọn oníbọn ti dí ọ̀nà, á gbọ́ pé ilé kan wà lókè lọ́hùn-ún tí wọ́n ti ń fún ọmọ lóúnjẹ, tí wọ́n tún ń rán wọn lọ sílé-ìwé, á mú èyí tó kéré jù lọ síbẹ̀, á ní òun á padà wá mú un tí nǹkan bá rọ̀. Ìfẹ́ tó ní sọ́mọ ẹ̀ ló gbé e dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n iye orí ọmọ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé yìí fi ń béèrè owó lọ́wọ́ àwọn tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́, torí náà kò sẹ́ni tó ń kánjú dá ọmọ padà. Ká ní wọ́n mú nínú owó tí wọ́n fi ń bọ́ ọmọ yẹn, wọ́n fún ìyá ẹ̀ kó fi kún ọjà kó sì fi san owó ilé-ìwé, ọmọ náà ì bá má kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2010 yẹ kó ti kọ́ gbogbo wa lọ́gbọ́n. January 12 lọ́dún yẹn ni ilẹ̀ mì tìtì lẹ́bàá Port-au-Prince tó jẹ́ olú-ìlú Haiti, ilé wó lu èèyàn, ọ̀pọ̀ ìṣirò ló sọ pé àwọn tó kú lé ní 200,000. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, January 29, làwọn ọlọ́pàá Haiti dá bọ́ọ̀sì kan dúró ní bodè Malpasse, àwọn ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi mẹ́wàá láti Amẹ́ríkà ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ 33, wọ́n ń kó wọn lọ sí Dominican Republic lọ́hùn-ún, kò síwèé àṣẹ kankan lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní iṣẹ́ Ọlọ́run làwọn ń ṣe, pé òrukàn làwọn ọmọ náà. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ọmọ yẹn dé ilé ìtọ́jú SOS, àjọ kan tó ń tọ́jú ọmọdé, ọmọbìnrin kan tí ò ju bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ ń sunkún, ó ń sọ fún wọn pé òun kì í ṣe òrukàn, òun ní ìyá òun ní bàbá, òun rò pé ilé-ìwé tí wọ́n ń gbé ni wọ́n ń mú òun lọ ni. Ìwádìí wá fi hàn pé púpọ̀ nínú wọn wá láti abúlé Callebasse tó wà lórí òkè, àwọn òbí wọn ló fọwọ́ ara wọn fà wọ́n kalẹ̀ torí wọ́n ṣèlérí ilé-ìwé fún wọn, wọ́n ṣèlérí pápá bọ́ọ̀lù àti odò ìlúwẹ̀ẹ́, wọ́n ní wọ́n á lè máa wá wo ọmọ wọn. Ilé ẹjọ́ padà dá ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará Amẹ́ríkà náà sílẹ̀, ẹni tó ṣáájú wọn ni wọ́n dá lẹ́bi ní May pé ó ṣètò ìrìn àjò tí ò bófin mu, wọ́n sì ní oṣù tó ti lò látìmọ́lé ti tó.

A ò sọ pé wọ́n fẹ́ ta ọmọ. A gbà pé àánú ló gbé wọn dé Haiti. Àmọ́ àánú tí ò dúró béèrè pé ọmọ ta nìyí, ta ló kù nílé wọn, àánú yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ti ọmọ 33 jẹ́. Àwọn tó mọ iṣẹ́ wíwá ẹbí ọmọ mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè. Ọmọ ọdún mẹ́rin lè má mọ orúkọ bàbá ẹ̀ lójú ìwé, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí wọ́n ń pe ìyá àgbà, ó mọ ohun tí ìyá ẹ̀ ń tà, ó mọ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń lọ, ó lè mọ orúkọ tíṣà ẹ̀ tàbí ti ọmọ aládùúgbò tí wọ́n jọ ń ṣeré. Èèyàn á mú èyí kọ́ èyí, á máa béèrè láti abúlé dé abúlé. Ó lè gba ọ̀sẹ̀, ó lè gba oṣù, kò sì sí fọ́tò kankan nínú ẹ̀ tó máa mú kí ìjọ pa àtẹ́wọ́ lọ́jọ́ Sunday, bóyá ìdí nìyẹn tówó kì í fi í dé ìdí iṣẹ́ yìí.

Ẹsẹ Bíbélì tí gbogbo wọn máa ń kà ni Jákọ́bù 1:27, pé ìsìn mímọ́ ni ká máa bójú tó àwọn aláìní baba àti àwọn opó nínú ìpọ́njú wọn. Ẹ tún un kà dáadáa. Ọmọ àti opó ló dárúkọ pa pọ̀, nínú ìpọ́njú kan náà, kò ní ká mú ọmọ ká fi opó sílẹ̀ níbi tó ti ń sunkún. Àwa Yorùbá pàápàá mọ̀ pé ọmọ tí ò bá ní ìyá kì í dégbò ẹ̀yìn, a sì mọ̀ pé tí ìyá bá kú, ìyẹn ò ní kọ́mọ di ti ẹni tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá wà, ìyá àgbà wà, ẹnìkan á wà nílé tó mọ oríkì ẹ̀ tó lè fi tù ú nínú tó bá ń sunkún lóru. Òyìnbó tó wá láti ibi tó jìn, bó ti wù kó fẹ́ràn ọmọ náà tó, kò lè kì í.

Àwọn ilé kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé ewu ló wà níbẹ̀. Lálẹ́ February 13, 2020, iná jó ilé ọmọ aláìlóbìí kan tí ìjọ kan láti Pennsylvania ń bójú tó lágbègbè Kenscoff, ọmọ 15 ló kú. Àbẹ́là ni wọ́n tàn torí kò síná. Ilé náà ò ní ìwé àṣẹ ìjọba, síbẹ̀ owó ń dé láti òkè òkun. Ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! A ò mọ ohun téèyàn lè sọ fún ìyá tó mú ọmọ ẹ̀ lọ síbẹ̀ kó má baà kú.

Àwọn kan á ní, tí wọn ò bá gba àwọn ọmọ wọ̀nyí sílé, ṣé àwọn jàǹdùkú ò ní kó wọn ni? Òótọ́ lọ̀rọ̀ yẹn o. UNICEF, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, sọ pé àwọn ọmọdé lè tó ìdajì àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ oníbọn ní Haiti, ebi ló ń lé ọ̀pọ̀ wọn débẹ̀. Nítorí náà a ò ní kí wọ́n ti gbogbo ilé yẹn pa lọ́la, ọmọ tílé wọn ti jóná, tí ò tíì sẹ́ni tó mọ ibi tí ẹbí ẹ̀ sá lọ, gbọ́dọ̀ ríbi sùn lálẹ́ òní. Àmọ́ kó jẹ́ ibi tó ń dúró sí kí wọ́n fi wá àwọn èèyàn ẹ̀ ni, kó má jẹ́ ibi tó máa dàgbà sí tán, tó máa jáde ní ọmọ ọdún méjìdínlógún tí ò mọ ẹnì kankan.

Àwọn tí ò lẹ́nìkan lóòótọ́ sì wà, pàápàá àwọn ọmọ tó ní àbùkù ara tó le, tí wọ́n ń gbé sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù. Irú wọn ni Gena Heraty, ọmọ Ireland, ti ń tọ́jú ní Haiti láti 1993. Àwọn oníbọn wọ ilé tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Kenscoff ní August 3, 2025, wọ́n jí i gbé pẹ̀lú àwọn èèyàn méje míì, ọmọ ọdún mẹ́ta wà lára wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé oṣù kan kí wọ́n tó fi wọ́n sílẹ̀. Lọ́dún tó ṣáájú ẹ̀, ní May 2024, àwọn jàǹdùkú pa Davy Lloyd àti ìyàwó ẹ̀ Natalie, mísọ́nnárì láti Amẹ́ríkà ni wọ́n, wọ́n pa Jude Montis tó jẹ́ ọmọ Haiti tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ mọ́ wọn, ọmọdé ni gbogbo wọn wà níbẹ̀ fún. A bọ̀wọ̀ fún irú àwọn èèyàn yìí gidigidi. Ẹni tó bá fi ẹ̀mí ara ẹ̀ lélẹ̀ báyìí, ó yẹ kí owó tá à ń fi ṣe iṣẹ́ tó kú fún lọ síbi tó tọ́.

Ó kan àwa náà nílé níbí. December kì í kọjá kí ẹgbẹ́ kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì má gbé àpò ìrẹsì àti páálí indomie lọ sí ilé ọmọ aláìlóbìí, wọ́n á to àwọn ọmọ sílà, wọ́n á ya fọ́tò, ó di Facebook, ó tán. Ta ló béèrè lọ́wọ́ alábòójútó pé ọmọ yìí ńkọ́, ṣé ẹbí ẹ̀ ò sí ni? A fẹ́ kí gbogbo ìjọ tó ń fowó ránṣẹ́, bóyá sí Haiti tàbí sí ilé tó wà ládùúgbò, ní kí wọ́n fi ìwé àṣẹ ìjọba hàn wọ́n, kí wọ́n fi ibi tí wọ́n kọ orúkọ ẹbí ọmọ kọ̀ọ̀kan sí hàn wọ́n, kí wọ́n sì bi wọ́n pé ọmọ mélòó ni wọ́n dá padà sílé lọ́dún tó kọjá, èló ni wọ́n fún ìyá tó gbà á padà. Ilé tí ò bá lè dáhùn, kí ìjọ mú owó yẹn kúrò níbẹ̀, kí wọ́n wá àwọn opó lọ.