Owó ìbọ̀wọ́, owó òwú, owó wo ló tún kù?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi wo ohun tó wà nínú rìsíìtì tí mo gbà nílé ìwòsàn ẹran: owó ìbọ̀wọ́. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí dókítà wọ̀ sọ́wọ́ ara rẹ̀, èmi ni mo rà á fún un, ₦1,000. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni owó òwú wà. Ìsàlẹ̀ òwú ni owó abẹ́rẹ́ (òfìfo abẹ́rẹ́ o, oògùn inú rẹ̀ ní ìlà tirẹ̀ lọ́tọ̀). Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá kọ "àwọn nǹkan mìíràn", wọ́n sì kọ ₦3,500 síwájú rẹ̀. Kí ló ń jẹ́ nǹkan mìíràn? Mo bi ọmọbìnrin tó jókòó sídìí owó. Ó ní, "Mọ́mì Tańtọ́lọ́run, ẹ má bínú mà, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi nìyẹn."

Tańtọ́lọ́run lorúkọ ajá mi. Ilé-Ifẹ̀ níbí là ń gbé, ajá ilé lásán ni, kì í ṣe èyí onírun gígùn tí àwọn ọmọ yunifásítì ń fi owó ilé ìwé rà. Ẹ̀bà ló ń jẹ, ilé ló ń ṣọ́. Ṣàdédé ni kò jẹun mọ́, ìtọ̀ rẹ̀ pupa, mo ṣí ètè rẹ̀ wò, èrìgì rẹ̀ ti funfun báláú. Ẹni tó bá ti ń sin ajá nílẹ̀ yìí tipẹ́ mọ̀ pé eégbọn ló dá irú ẹ̀ sílẹ̀. Kòkòrò kan ń gba ẹnu eégbọn wọ inú ẹ̀jẹ̀ ajá, á sì máa ba ẹ̀jẹ̀ náà jẹ́ títí yóò fi tán lára rẹ̀. Babesia ni àwọn dókítà ń pè é. Ó ní abẹ́rẹ́ tó ń kápá rẹ̀ bí wọ́n bá tètè gún un, n ò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Tańtọ́ yè, ẹ bá mi dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ owó ni mo bá dé.

Oníkẹ̀kẹ́ Márúwá tó gbé wa lọ wo ajá, ó tún wò mí, ó ní bí ẹran yìí bá máa wọlé, èmi ni n ó san owó gbogbo ìjókòó ẹ̀yìn, torí kò sẹ́ni tó máa gbà láti jókòó tì í. Ó dùn mí lápò, ṣùgbọ́n mo gbà. Kí n tó gbẹ́sẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́ ló ti dárúkọ owó, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Ó wá ku ọ̀dọ̀ àwọn tó kàwé. Káàdì, ₦2,000. Kí dókítà tó wo ojú ajá, ₦7,000. Mo san méjèèjì. Mo wá bi dókítà pé, ẹ jọ̀wọ́ sà, ká tó bẹ̀rẹ̀, èló ni gbogbo ẹ̀ lè jẹ́ níparí? Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká gba ẹ̀mí ẹ̀ là ná, mà." Ẹ sọ fún mi, ta ló máa dáhùn pé rárá? Ajá dùbúlẹ̀ sórí tábìlì irin, ó ń mí gúlegúle, bó sì ṣe ń gbọ́ ohùn mi ló ń fi ìrù lu tábìlì náà díẹ̀díẹ̀. Ta ló lẹ́nu láti ná ọjà níbẹ̀? Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń rí wa mú.

Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, owó kan. Wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ kan náà sábẹ́ ẹ̀rọ awò, owó kejì. Omi tí wọ́n fà sí i lára, mo retí ìyẹn. N ò retí pé rọ́bà tí omi gba inú rẹ̀ kọjá ní owó tirẹ̀, àti pé bíláàsítà tí wọ́n fi lẹ rọ́bà mọ́ ẹsẹ̀ ajá náà ní tirẹ̀. Ó sùn síbẹ̀. Wọ́n kọ owó ibùsùn! Ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì ni o, ìró mi àtijọ́ tí mo ká mọ́ ajá lára láti ilé ni wọ́n tẹ́ fún un. Ibùsùn mi ni mo tún san owó rẹ̀ fún wọn. Nítorí pé ọjọ́ Sátidé bọ́ sáàárín, wọ́n fi owó òpin ọ̀sẹ̀ kún un, bí ẹni pé èmi ni mo bá eégbọn ṣe àdéhùn ọjọ́. Nígbà tí mo fẹ́ sanwó, wọ́n ní àwọn ò gba tiránsífà, kí n lo POS. POS náà gé tirẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, olóúnjẹ wo ní Lagere ló ń dúró dìgbà tí èèyàn bá jẹ àmàlà tán kó tó gba owó àwo, owó ṣíbí, àti owó omi tó máa fi fọ àwo? Wọ́n á ti fọ́ bùkà ẹ̀ kó tó ka owó dé ọ̀dọ̀ ẹnìkẹta.

Mo ti ń gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ ní nǹkan ti wọ́n. Mo mọ̀. Oṣù kẹfà ọdún 2023 ni wọ́n tú náírà sílẹ̀, tí wọ́n ní kí ọjà máa sọ iye tó jẹ́ sí dọ́là. Dọ́là tó wà ní nǹkan bíi ₦470 ti kọjá ₦1,500 kí ọdún 2024 tó parí, ọ̀pọ̀ oògùn àti àjẹsára tí wọ́n ń lò fún ajá ló sì jẹ́ pé òkè òkun ni wọ́n ti ń kó o wá. Inú òtútù ni àjẹsára gbọ́dọ̀ wà látìgbà tí wọ́n ti ṣe é títí di ìgbà tí wọ́n máa gún un, kò gbọdọ̀ gbóná ju ìwọ̀n 8 Celsius lọ. Iná wa ńkọ́? Jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé fíríìjì wọn ró, epo bẹntiróòlù sì ti di ohun tí à ń fi ìbẹ̀rù rà látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ ní 2023. Dókítà ẹran náà ń san owó ilé ìwé ọmọ. Kó gbé owó oògùn sókè, n ò ní bá a jà. Ṣùgbọ́n káàdì pélébé tí wọ́n tẹ̀ nílùú yìí, dọ́là ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ ni? Ọkọ̀ òkun wo ló gbé òwú wá sí Ifẹ̀? Kì í sì í ṣe gbogbo àjẹsára náà ló ń ti òkè òkun wá. Ilé iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, láti 1924 ló ti wà, wọ́n sì ń ṣe àjẹsára níbẹ̀, títí kan ti dìgbòlugi. Ìgbà mìíràn tí wọ́n bá fẹ́ gún ajá yín, ẹ ní kí wọ́n fi ìgò hàn yín, kí ẹ wo ibi tó ti wá kí wọ́n tó fi dọ́là dẹ́rù bà yín.

Ọ̀wọ́n ọjà lè sọ ìdí tí owó fi pọ̀. Kò lè sọ ìdí tí wọ́n fi ń fi í pamọ́ fún mi títí ajá mi fi wà lọ́wọ́ wọn.

Àwọn aládùúgbò náà ò jẹ́ kí n sinmi. Bàbá kan ní ajá lásán ni mò ń ná irú owó yìí lé lórí, kí n kúkú tà á fún àwọn tó ń wá ajá Ògún kí ọdún Ọlọ́jọ́ tó dé, Òkè Mògún tí wọ́n ti ń bọ Ògún ò sáà jìnnà. Ó fi ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò bá a rẹ́rìn-ín. Ìyá kan tó ń sin ewúrẹ́ lẹ́yìn ilé wa ló mọ ohun tí mò ń sọ, torí pé òun náà ti gbé ewúrẹ́ tó ń wúkọ́, tí ikun ń dà nímú rẹ̀, dé ọ̀dọ̀ wọn rí. Nígbà tí wọ́n máa parí ìṣirò, owó ìtọ́jú ti kọjá iye tí ewúrẹ́ náà máa tà lọ́jà. Látìgbà náà, èyí tó bá ti ń ṣàìsàn, ọ̀bẹ ló ń fi wò ó. Ẹ ní kí èèyàn gbé tiẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn? Pẹ̀lú ajá tí kò lè gbórí dúró, nínú ọkọ̀ tí n ó háyà láti Ifẹ̀?

Ohun tó wá ń bí mi nínú jù ni pé àwọn oníbáàgì ló ń jèrè ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ mọ̀ wọ́n. Wọ́n ń kiri ojúlé dé ojúlé, abẹ́rẹ́ àjẹsára wà nínú báàgì, nínú oòrùn ọ̀sán gangan, wọ́n á ní àwọn ń gún ajá fún dìgbòlugi. ₦2,500, lẹ́nu géètì, kò sí káàdì, kò sí ìbọ̀wọ́. Àwọn èèyàn ń gbà, torí ó kéré tán, wọ́n mọ iye tí wọ́n máa san. Oòrùn ti pa ohun tó wà nínú ìgò yẹn tipẹ́! Wọ́n gún ajá, wọn ò gún un, ọgbọọgba ni. Bí irú ajá bẹ́ẹ̀ bá kó dìgbòlugi, tó gé ọmọ jẹ, tí wọn ò sì tètè gbé ọmọ náà lọ gba abẹ́rẹ́, bí àrùn náà bá ti hàn lára rẹ̀ kò sí oògùn mọ́. Ẹ̀yin dókítà tó ń pariwo lórí rédíò pé ká yéé gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ oníjìbìtì, ta ló ń lé wa lọ bá a?

Pátákó kan ni mo ń bèèrè. Ẹ kọ iye káàdì sí i, ẹ kọ iye àyẹ̀wò, ti ọjọ́ kan tí ẹran bá sùn sọ́dọ̀ yín, ti òpin ọ̀sẹ̀, kí ẹ gbé e kọ́ síbi tí èèyàn ti máa rí i kó tó gbé ẹran sọ̀ kalẹ̀. Veterinary Council of Nigeria ló ń fún àwọn dókítà ẹran níwèé àṣẹ iṣẹ́. Kí wọ́n sọ ọ́ di dandan. Bí owó bá sì máa kọjá èyí tí ẹ kọ, ẹ pè mí, mo ní fóònù.

Oṣù tó ń bọ̀ ni abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ti Tańtọ́. Mo ti pè wọ́n láàárọ̀ yìí láti béèrè iye tó jẹ́. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ mú ajá wá ná.