Ẹ Tún Ẹnubodè Ṣe Kí Ẹ Tó Buwọ́ Lu Àdéhùn Mìíràn

Buwọ́bùwé kì í ṣòro fún àwọn olórí orílẹ̀-èdè. Wọ́n á pàdé, wọ́n á ya fọ́tò, ìkéde á jáde pé owó ibodè ti dópin láàárín àwọn tó múlé ti ara wọn, bẹ́ẹ̀ tírélà tó wà lórí ìlà lẹ́nubodè lánàá ṣì wà níbẹ̀ lónìí. Ohun tí à ń sọ ni pé kí wọ́n so àdéhùn tuntun rọ̀ ná. Ẹnubodè ni èyí tí wọ́n ti ṣe tẹ́lẹ̀ ń kú sí, ibẹ̀ ló sì yẹ kí owó àti òfin kọ́kọ́ lọ.

Yúróòpù tí gbogbo ayé fi ń ṣe àpẹẹrẹ kò rí i ṣe bọ̀rọ̀. Orílẹ̀-èdè mẹ́fà ló buwọ́ lu àdéhùn Róòmù lọ́dún 1957 láti so ọjà wọn pọ̀. Nígbà tó di oṣù Keje ọdún 1968, wọ́n ti pa owó ibodè rẹ́ láàárín ara wọn. Síbẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù ò yé dúró fún àyẹ̀wò ìwé níbodè wọn títí di oṣù Kìíní ọdún 1993. Ó lé ní ọdún 24! Owó-orí ọjà ni wọ́n ṣì ń gbà níbẹ̀, ìlànà oúnjẹ àti ti ẹ̀rọ kò sì bára mu láti ilẹ̀ kan sí èkejì. Òfin bí 300 ni wọ́n tò sílẹ̀ lọ́dún 1985 pé àwọn gbọ́dọ̀ ṣe, wọ́n sì gbé gbígba owó-orí náà kúrò lójú ọ̀nà lọ sínú ìwé ìṣirò àwọn oníṣòwò. Olórí tó bá ní ọdún méjì péré lòun máa fi ṣe tòun, ẹ bi í pé òfin mélòó ló ti kọ sílẹ̀.

Níbi tí owó ibodè bá tilẹ̀ ti lọ, ìwé ẹ̀rí orísun ọjà ló ń dá ẹrù dúró. Bí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan bá ṣì ń gba iye tó wù ú lórí ọjà òkèèrè, oníṣòwò lè já ẹrù sí èbúté tí owó rẹ̀ kéré jù, kó wá gbé e wọ ọ̀dọ̀ aládùúgbò lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń béèrè ibi tí wọ́n ti ṣe é. Irè oko kò le: ibi tó ti hù ni orísun rẹ̀. Ọjà iléeṣẹ́ ló le. Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan ni pé kí nọ́ńbà mẹ́rin tó ṣíwájú nínú kóòdù ọjà, nọ́ńbà tí àwọn aṣọ́bodè fi ń dá irú ọjà mọ̀, yí padà: àlìkámà wọlé ní 1001, ó jáde ní ìyẹ̀fun, 1101, ó yege. Èkejì ni ìṣirò iye tí iléeṣẹ́ fi kún un. Ìdá 30 nínú 100 ni ECOWAS ń béèrè. Bí ọjà bá jẹ́ 100 lẹ́nu ọ̀nà iléeṣẹ́, tí èròjà òkèèrè inú rẹ̀ sì jẹ́ 65, 35 ló kù, ó yege. Ṣùgbọ́n kí owó ilẹ̀ náà já wálẹ̀ díẹ̀, kí èròjà yẹn di 72 nígbà tí iye tí wọ́n ń tà á kò yí: ẹ̀rọ kan náà, òṣìṣẹ́ kan náà, ọjà ti di àlejò. Ẹnikẹ́ni ò sì ṣe màgòmágó. Ọ̀nà kóòdù ni a fara mọ́ fún iléeṣẹ́ kéékèèké, torí aṣọ́bodè lè rí i láì tú ìwé owó ẹnikẹ́ni wò. Kí èròjà tó ti ọ̀dọ̀ aládùúgbò wá sì máa jẹ́ ti ilé.

Alájàpá tó gbé àpò mẹ́ta kò nílò gbogbo ìyẹn. Àwọn orílẹ̀-èdè Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní fọ́ọ̀mù kékeré tí wọ́n ń buwọ́ lù lẹ́nubodè fún ọjà tí iye rẹ̀ kò ju dọ́là 2,000 lọ. Fọ́ọ̀mù dára, ṣùgbọ́n bí wọn ò bá lẹ orúkọ àwọn ọjà tó kàn mọ́ ògiri, tí ẹni tó ń buwọ́ lù ú kò sì sí nílé lọ́jọ́ ọjà, fàyàwọ́ ló kù.

Ilé kan ṣoṣo fún òṣìṣẹ́ ilẹ̀ méjèèjì ni ojútùú tí a rí tó dára jù. Ní Chirundu, láàárín Zambia àti Zimbabwe, oṣù Kejìlá ọdún 2009 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà. Ọkọ̀ á dúró lẹ́ẹ̀kan péré, ní ìhà tó ń wọ̀. Kí wọ́n tó ro sìmẹ́ǹtì, òfin gbọ́dọ̀ ti fún aṣọ́bodè ní agbára láti lo òfin ilẹ̀ rẹ̀ lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá mú lè pè é lẹ́jọ́, kó sì jàre. Lẹ́yìn náà ni àwọn ohun tí kò sẹ́ni tó ń kà á sí. Apá kan ń ti ilẹ̀kùn ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, èkejì kì í tì í. Kọ̀ǹpútà méjèèjì kò gbọ́ ara wọn, wọ́n á tẹ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìwọ̀n ẹrù tí òfin gbà fún ọkọ̀ yàtọ̀, wọ́n á ní kí awakọ̀ já díẹ̀ sílẹ̀. Aṣọ́bodè ti parí tirẹ̀, ẹni tó ń yẹ irè oko wò ò tíì dé, bẹ́ẹ̀ tòmátò ti ń jò nínú ọkọ̀.

A mọ ìdí tí ìjọba fi ń lọ́ra: owó ni, wọ́n ń bẹ̀rù kí owó ibodè tiwọn má bọ́ sọ́wọ́ aládùúgbò. Nínú SACU, ẹgbẹ́ owó ibodè ti gúúsù Áfíríkà tó ti wà láti ọdún 1910, South Africa àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ ń da owó ibodè sójú kan, wọ́n sì ń fi ìlànà pín in. Ẹgbẹ́ Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1967, tú ká lọ́dún 1977. Ẹ̀sùn pé Kenya ló ń jẹ èrè jù wà lára ohun tó fà á, pẹ̀lú ìjà òṣèlú. Ìlànà pípín gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé kí ẹnubodè tó ṣí.

Àdéhùn WTO, àjọ ìṣòwò àgbáyé, lórí mímú ìṣòwò rọrùn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejì ọdún 2017, rọ àwọn orílẹ̀-èdè pé kí wọ́n máa wọn àkókò tí ẹrù ń lò lọ́wọ́ aṣọ́bodè, kí wọ́n sì máa gbé e jáde. Ó rọ̀ wọ́n ni, kò kàn wọ́n nípá. Kí àwọn aládùúgbò sọ ọ́ di dandan fún ara wọn: lóṣooṣù, fún ẹnubodè kọ̀ọ̀kan, wákàtí tí ọkọ̀ dé, wákàtí tó kúrò, àti orúkọ ọ́fíìsì tó dá a dúró pẹ́ jù.