Èsì wa fún ẹ̀gbọ́n wa ará Ṣakẹ́tẹ́ lórí àńpílì tó kú

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ilé o, ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ tinú yín. Kí àwọn tó ń kà á lè mọ bó ṣe jẹ́: ẹ ní ẹ ra àńpílì tòkunbọ̀, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè fún sípíkà, lọ́dọ̀ wa ní ọjà Wàndó ní Àjàṣẹ́ níbí, ó ń dún dáadáa, oṣù kan ò tíì pé ó kú, iná pupa iwájú ẹ̀ ò tàn mọ́, ẹ gbé e wá a ní kẹ́ ẹ san 18,000 sẹ́fà fún tíráńsífò, irin ńlá inú ẹ̀ tó ń sọ kúráǹ ògiri di kékeré, ẹ wá fún wa ní ìràwọ̀ kan ṣoṣo ẹ sì pè wá ní olè. Ti olè yẹn dùn mí o, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.

Kí n tó fọwọ́ kan ìdè kan lára àńpílì yẹn ni mo ti gbọ́ òórùn ẹ̀, tíráńsífò tó bá jó, kò ṣeé fi pamọ́. Mo yọ fìsíbù ẹ̀yìn ẹ̀, wáyà tín-ín-rín inú gíláàsì tó máa ń já tí kúráǹ bá pọ̀ jù, gíláàsì ẹ̀ dúdú kirikiri, wọ́n sì ti fi pépà fàdákà inú páálí sìgá wé e lára. Ẹ̀gbọ́n, ta ló wé e? Kì í ṣe àwa. Fìsíbù T2A la fi síbẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ rà á, irú èyí tó ní sùúrù díẹ̀ tí kì í yára já, torí tíráńsífò ńlá máa ń fa kúráǹ gan-an tá a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án.

Bí mo ṣe rí i nìyí. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ pé alẹ́ ọjọ́ tí kúráǹ lọ tó tún dé wìì ló kú. Ọ̀kan nínú díóòdù mẹ́rin tó ń gba kúráǹ lẹ́yìn tíráńsífò, tí kì í jẹ́ kó gba ọ̀nà méjì, ló bàjẹ́, ojú méjèèjì ẹ̀ wá di ọ̀kan, fìsíbù sì já, iṣẹ́ ẹ̀ ló ṣe yẹn. Ká ní ibẹ̀ lẹ ti gbé e wá ni, owó díóòdù àti fìsíbù ò lè ju 2,000 lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó wé pépà sí i ti gba ọ̀nà lọ́wọ́ fìsíbù, kúráǹ ń wọlé kò sóhun tó ń dá a dúró, wáyà inú tíráńsífò gbóná títí ó fi já. Mo fi múlítímẹ́tà wọ̀n ọ́n níṣojú ọmọ yín, ẹsẹ̀ méjèèjì tó ń gba 220 fóòtù ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ rárá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á náà, tí fìsíbù bá já tí gíláàsì ẹ̀ ṣì mọ́, ẹ lè fi irú ẹ̀ gan-an, nọ́ńbà kan náà, pààrọ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tó bá dúdú, ẹ má pààrọ̀ ẹ̀ o, nǹkan ti kanra wọn nínú lọ́hùn-ún. Àwa, gílóòbù 60 wáàtì ti àtijọ́, kì í ṣe LED, la máa ń so mọ́ ojú wáyà kan kí kúráǹ gba inú ẹ̀ kọjá kó tó dé àńpílì: tó bá tàn fìrí tó wá rẹlẹ̀, ó dáa, tó bá mọ́lẹ̀ rokoṣo tí kò rẹlẹ̀, ìjàǹbá ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tí ò mọṣẹ́ kó má tú u o, pàápàá àwọn tuntun tí ò ní tíráńsífò ńlá, kọ́ńdánsatọ̀ wọn, tó ń tọ́jú kúráǹ pamọ́, lè ní ju 300 fóòtù lọ nínú nígbà tẹ́ ẹ ti yọ wọ́n lára ògiri.

Lórí gàránṣí, oṣù mẹ́ta la kọ síwèé yín, a sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé tẹ́lòmíì bá tú u, ó tán. Pépà wa tá a lẹ̀ pa ojú ibi tí wọ́n ń tú ti ya. Síbẹ̀, 18,000 yẹn owó tíráńsífò nìkan ni, mi ò gba owó iṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá rí àńpílì tó ti kú níbì kan tí tíráńsífò ẹ̀ ṣì dáa, tó ń gba 220 fóòtù lápá kan, tó ń gbé 35-0-35 jáde lápá kejì (35 fóòtù lọ́tùn-ún, 35 lósì, òdo láàárín), tí kò kéré sí tiyín, ẹ gbé e wá, màá fi í sí i, mi ò ní gba fàráńkà kan.

Tíráńsífò tó jó àti fìsíbù onípépà yẹn wà nínú ọ̀rá nílẹ̀ níbí, ẹ lè wá wò wọ́n. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ mú wáyà sípíkà tẹ́ ẹ ń lò dání kí n wò ó, torí tí ojú wọn bá ń kanra lẹ́yìn àńpílì, fìsíbù míì náà á tún lọ. A kì í ṣí bùtíkì ní Sọ́ńdè.