Ọṣẹ Aràrá, Ìpara Aràrá

Ọṣẹ lásán ti tán n'Ílọrin, ọṣẹ nano ló kù. Ìpara nano wà, omi nano wà, ẹ̀gbà ọrùn nano náà wà, èyí tó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, làkúrègbé àti ọkọ tí kì í tètè wálé. Ní Post Office, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé màíìkì sẹ́nu, ó ń pariwo pé nano tòun kéré débi pé àìsàn ò ní rí i sá fún. Alhaja kan dúró.

"Alfa, kí ni wọ́n ń pè ní nano yìí ná?"

"Ìmọ̀ òyìnbó ni, Alhaja. Ó jinlẹ̀."

Ó jinlẹ̀ lóòótọ́, torí ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà kó sínú ẹ̀, a ò gbúròó ẹ̀ mọ́. Ọṣẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, àwọ̀ kan náà, òórùn kan náà, ọ̀rá kan náà, ẹgbẹ̀ta náírà ni. Ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ ni pé kò jẹ́ nano.

Gíríìkì ló ni ọ̀rọ̀ náà. Nanos lọ́dọ̀ wọn, aràrá ni. Ohun tí ẹ ń fowó gọbọi rà nìyẹn o: ọṣẹ aràrá. Ẹ dán an wò, ẹ sọ fún ìyàwó ilé pé ẹ ra ìpara aràrá bọ̀ fún un, kí ẹ wá wo ibi tí ẹ máa sùn mọ́jú.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1960, nígbà tí ariwo òmìnira ò tíì rọlẹ̀ ní Nàìjíríà, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n pàdé ní Faransé, wọ́n fọwọ́ sí i pé nano ni ìdá kan nínú bílíọ̀nù. Ìwọ̀n ni. Kì í ṣe oògùn, kì í ṣe àdúrà. Pín mítà kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ẹyọ kan níbẹ̀ ni nanomita. Fọ́nrán irun orí kan ṣoṣo nípọn tó nǹkan bí 80,000 sí 100,000 nanomita. Onígbàjámọ̀ tó kọ nano sára ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ l'Ọ́fà ṣì sún mọ́ òótọ́ díẹ̀.

Ẹni tí orúkọ yìí tọ́ sí gan-an ni àwọn onílé Tanke tó ń háyà yàrá fáwọn ọmọ Yunifásítì. Na ẹsẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, àtàǹpàkò rẹ á kan sítóòfù; dìde jókòó, o ti wà ní kọ́rídọ̀. Àmọ́ àwọn yẹn ò jẹ́ pè é ní nano láéláé. "Sẹ́ẹ̀fù-kọ̀ntéènì" ni wọ́n ń pè é.

Èmi ò bá ìmọ̀ jà. Norio Taniguchi ará Japan ló kọ́kọ́ lo ọ̀rọ̀ "nanotechnology", ìyẹn ìmọ̀ fífi nǹkan tín-tìn-tín ṣiṣẹ́, lọ́dún 1974, iṣẹ́ gidi sì ni. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó múlé gbè wá yìí, àwọn olùwádìí Yunifásítì LAUTECH ti fi èèpo kókó ṣe fàdákà tín-tìn-tín tó jẹ́ nano lóòótọ́. Ẹ ò gbọ́ kí wọ́n gbé màíìkì wá sí Post Office.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ má jẹ́ kó bá yín lójijì: nano ti ń gbó. Òṣùwọ̀n míì wà tó ń jẹ́ pico, ó tún kéré jù ú lọ. Lọ́dún 2022, wọ́n tún fi quecto kún un, èyí tó kéré débi pé bílíọ̀nù lọ́nà bílíọ̀nù kò tíì kà á tán. Ẹni tó bá kọ́kọ́ lẹ ìyẹn mọ́ ọṣẹ l'Ọ́jà Ọba, ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà ni kó bẹ̀rẹ̀ ìdúnàádúrà.