Ta Ló Ni Ṣòkòtò Yìí?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní: "Ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni, rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu." Ẹni tó bá ti yá ṣòkòtò lọ sóde ìyàwó rí kò nílò àlàyé: ọwọ́ kan á di ìbàdí mú, ọwọ́ kejì á máa jẹ ìrẹsì.

Àkùkọ kan ló fa òwe yìí sí mi lẹ́nu. Ní àárọ̀ Sátidé tó kọjá, mi ò tíì rin orín tán tí ìyá kan fi kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà mi ní Òkè-Baálẹ̀, àkùkọ gàgàrà lọ́wọ́ rẹ̀, ìko ni wọ́n fi dè é lẹ́sẹ̀. "Bàbá Tíṣà, ẹ fojú àánú wo ọmọ mi. Wọ́n ní òdo lẹ fún un." Ọmọ ọ̀hún dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ń tẹ fóònù. Ìyá wà lórí ìkúnlẹ̀, ọmọ ń tẹ fóònù. Mo ní kí ìyá dìde, wọn ò dìde.

Ẹ jẹ́ kí n gbé ọ̀rọ̀ láti ìdí rẹ̀. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún àkọ́kọ́ ní bí a ṣe ń kọ ìwé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan nínú Òṣogbo níbí. "Use of English" làwọn tó ti jáde tipẹ́ mọ̀ ọ́n sí. Nínú ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí NUC, àjọ tó ń mójú tó àwọn yunifásítì, gbé jáde, GST 111 ni wọ́n ń pè é, yúníìtì 2. Àti ẹni tó fẹ́ di dókítà, àti ẹni tó fẹ́ mọ bí a ṣe ń sin ẹja, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ yege nínú rẹ̀. Wákàtí 15 ni ìlànà yẹn yà sọ́tọ̀ kí olùkọ́ fi sọ̀rọ̀, ó ya 45 sọ́tọ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ṣe é fúnra rẹ̀. Ìlọ́po mẹ́ta! Àwọn tó jókòó kọ ọ́ mọ̀ pé ọwọ́ la fi ń kọ́ ìwé kíkọ, kì í ṣe etí. Àmọ́ bí àwọn ọmọ wa bá ti gbọ́ yúníìtì 2, ẹran inú ọbẹ̀ ẹlòmíì ni wọ́n kà á sí. "GST lásán."

Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé, mo ka òfin kíláàsì sí wọn létí, ojú ìwé kan péré. Ẹni tí kò bá wá tó ìdá 75 nínú 100 kò ní jókòó ṣe ìdánwò; èmi kọ́ ni mo ṣe òfin yìí, bẹ́ẹ̀ ló rí ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa. Iṣẹ́ àárín sáà ní máàkì 30, ìdánwò ní 70. Àròkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa kọ ọ́: ẹ gbé àkọ́kọ́ wá, n ó fi bírò pupa ya gbogbo ibi tó bá wọ́, ẹ gbé e lọ sílé, ẹ tún un kọ, kí ẹ wá fi pínnì so méjèèjì pọ̀. Ọjọ́ tí mo bá dá, ọjọ́ náà ni. Bí ẹ bá mú ọ̀rọ̀ ẹlòmíì, ẹ dárúkọ ẹni tó ni ín. Bí ChatGPT, ẹ̀rọ tó ń báni kọ̀wé lórí fóònù, ló kọ ọ́, ẹ máa retí òdo. Mo kà á tán, mo ní ta ló ní ìbéèrè. Ọmọ kan ṣoṣo ló nawọ́. "Sà, ṣé ẹ máa ń ta háńdáòtù?"

Iṣẹ́ tí mo fún wọn kò le. Mo ní kí kálukú kọ ojú ìwé kan nípa iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nílé rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹni tí kò dé ilé yẹn rí lè fojú inú rí i. Ìwé tí ọmọ yìí gbé wá, ayé tó ń yí kánkán ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ ni òpó tó gbé ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè dúró, ó ní kí ìjọba wá nǹkan ṣe sí i. Kò sí àṣìṣe kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Kò sì sí ènìyàn kan ṣoṣo nínú rẹ̀ pẹ̀lú: kò sí ìkòkò, kò sí òógùn, kò sí òórùn ohunkóhun. Àkọ́kọ́ tí mo ní kó so mọ́ ọn dà? Kò sí. Àwọn méjì míì nínú kíláàsì gbé òpó ọrọ̀ ajé kan náà wá, pẹ̀lú kámà rẹ̀. Ṣòkòtò kan, ìdí mẹ́ta.

Mo wá bi ìyá rẹ̀ léèrè pé, "Ìyá, iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe nílé?" Wọ́n kàn ṣí ọwọ́ méjèèjì hàn mí ni. Aró ti wọ ìdí èékánná, ó ti di àwọ̀ ara. Mo ní kí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún mi.

Ẹ wo bí ìyá yìí ṣe gbàgbé ìkúnlẹ̀, tí wọ́n fa àpótí, tí wọ́n jókòó. Wọ́n ní ewé elú tútù ni wọ́n máa gún, wọ́n á mọ ọ́n roboto, wọ́n á sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ. Wọ́n ní eérú ń bẹ nínú ìkòkò tí wọ́n dá ihò sí nídìí, omi á máa ro ní tótó, tótó, látinú rẹ̀, omi yẹn ni wọ́n máa da elú sí, wọ́n á dé e fún ọjọ́ mélòó kan. Mo ní ọjọ́ mélòó gan-an? Wọ́n ní imú ló mọ̀. Wọ́n ní bó bá jẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ẹ̀kọ láfún ni wọ́n fi ń ya ọnà sára aṣọ kó tó wọnú aró, "ìyẹ́ adìẹ la sì fi ń yà á, Bàbá," wọ́n bá nawọ́ sí àkùkọ. Wọ́n ní bí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde látinú ìkòkò, bí ewé ni yóò rí, ẹni tí kò mọ iṣẹ́ á ní ó ti bàjẹ́. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró. Wọ́n á dá a padà. Wọ́n á tún yọ ọ́. Wọ́n á tún dá a padà. "Ẹni tó bá rì í lẹ́ẹ̀kan, aró ò ní mú un dáadáa, oníbàárà ò ní sanwó." Wọ́n ní aró òyìnbó àti kọ́sítíìkì sódà lọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò báyìí, ó yá ju elú lọ, àmọ́ àwọn oníbàárà àtijọ́ ṣì ń béèrè elú.

Ìyá tó ní òun ò kàwé ni o. Àròkọ ni wọ́n kà sí mi létí yẹn, ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin, ó tún ní oníbàárà tí kò ní sanwó.

Mo yíjú sí ọmọ. Fóònù ti wọ àpò. Ó ní, "Mi ò mọ̀ pé ìyẹn náà ṣe é kọ sínú ìwé, sà." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju òdo tí mo fún un lọ. Ọmọ Òṣogbo, ìlú aró! Ìlú tí ìtàn ìdásílẹ̀ rẹ̀ sọ pé igi tí wọ́n gé wó sódò Ọ̀ṣun, tí ohùn kan sì ké látinú omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Ẹni tó ni odò bínú nítorí ìkòkò aró. Ọmọ aláró rò pé kò yẹ lójú ìwé.

Kí ẹ má sì rò pé mo ń ṣe bí ẹni mímọ́. Nígbà tí mo wà nílé ìwé gírámà, mo da lẹ́tà tí ọmọ kíláàsì òkè kan kọ sí bàbá rẹ̀ kọ, mo yí orúkọ padà, mo fi ránṣẹ́ sí bàbá tèmi pé mo fẹ́ owó ìwé. N kò mọ̀ pé bàbá ẹni tó ni lẹ́tà ti ra kẹ̀kẹ́ fún un, ó sì dúpẹ́ kẹ̀kẹ́ nínú rẹ̀. Bàbá mi ò mọ̀wé, katikíìsì ló kà á sí wọn létí. Wọn ò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n rán padà ni pé kí n gun kẹ̀kẹ́ mi wálé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá le nìyí. "Ibi tí abẹ́rẹ́ bá gbà ni okùn ń tọ̀." Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ni abẹ́rẹ́. Ọmọ kò kọ́ bí a ṣe ń yá ṣòkòtò ní yunifásítì. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ fún un. Lọ́dọ̀ JAMB, ìbéèrè 180 ni ọmọ ń dáhùn, 60 nínú rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, kíkí mú-èyí-fi-ìyẹn-sílẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n ti ní kó kọ gbólóhùn kan. WAEC ní tiwọn ń béèrè àròkọ, àmọ́ àwọn kan nínú yín ti sanwó mírákù sẹ́ńtà, ẹlòmíì ló kọ ọ́. Ó wá di ọmọ ọdún méjìdínlógún tí kò tíì fi ọwọ́ ara rẹ̀ to ojú ìwé kan rí, ẹ wá ń gbé adìẹ kiri. Adìẹ yẹn náà ẹ̀kọ́ ni. Ọmọ tó dúró lẹ́yìn yín ń wò ó, ó ń kọ́ ọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi tó ń fi háńdáòtù so máàkì mọ́lẹ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ̀ yín ni ìbéèrè ọmọ yẹn ti wá.

Ẹ̀yin ọmọ wa ńkọ́? Èmi ò bá fóònù jà. Ẹ fi wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, ẹ fi ka ìwé tí kò sí ní láíbìrì, ẹ tilẹ̀ bi í pé níbo ni ọ̀rọ̀ mi ti rú lójú. Àmọ́ ẹni tó bá gbé gbogbo ìrònú rẹ̀ fún fóònù, tó wá ní olùkọ́ burú, ọ̀lẹ ni. Mo tún un sọ, ọ̀lẹ. Ẹ ń pẹ́ kí ẹ tó sùn nítorí eré bọ́ọ̀lù àwọn ará Yúróòpù, kíláàsì aago mẹ́jọ wá di ìyà. Ẹ ń kọ ọ̀rọ̀ bí òjò sórí WhatsApp láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ojú ìwé kan ní ẹ̀ẹ̀mejì wá di ìwà ìkà. Bírò pupa tí mo fi ya ìwé yín, mo fi òru mi sí i; àwọn kan nínú yín kì í wá gbà á.

Òdo yẹn kò kúrò o. Mo sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ìyá. Àkùkọ ti padà sílé, ìyẹ́ kan péré ni mo ní kí wọ́n fà fún ọmọ wọn kó fi ya aṣọ kan kó tó kọ ohunkóhun. Àròkọ kejì ṣì wà níwájú. Ọjọ́ Mọ́ńdè, aago mẹ́jọ, àkọ́kọ́ àti èkejì, kí pínnì wà lára wọn. Bí aró bá ta sí ìwé náà, n ó gbà á.