Tìmùtìmù Kò Lè Sọ Gàárì Tó Há Di Èyí Tó Bá Ẹṣin Mu

"Bí gàárì bá ń dun ẹṣin, wá tìmùtìmù tó nípọn kó o fi tẹ́ ẹ lábẹ́, ó parí." Ọ̀rọ̀ yìí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn ẹlẹ́ṣin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, tàgbà tèwe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹṣin tí ẹ̀yìn wọn fẹ̀ tó tún kúrú ló sì ń jìyà ọ̀rọ̀ náà jù: Welsh Cob, Fjord ti Norway, Haflinger ti agbègbè Tyrol, àtàwọn ẹgbẹ́ wọn.

Ẹ jẹ́ ká wo inú gàárì ná. Lábẹ́ awọ yẹn, férémù kan wà níbẹ̀. Igi ni wọ́n fi ń ṣe é látijọ́, òmíràn ti di oníke báyìí. Iwájú rẹ̀ ya ẹsẹ̀ méjì tó gùn lé ẹṣin lọ́tùn-ún lósì, ó sì fi àyè sílẹ̀ láàárín kí nǹkan kan má fara kan eegun ẹ̀yìn. Férémù yìí kì í nà bíi rọ́bà. Ibi tó bá fẹ̀ dé náà ló fẹ̀ dé. Tí ẹ̀yìn ẹṣin bá wá fẹ̀ jù ú lọ, tí ẹ tún ki tìmùtìmù bọ àárín àwọn méjèèjì, ẹ ti dín àyè tí kò tó tẹ́lẹ̀ kù nìyẹn. Ẹni tí bàtà há mọ́ lẹ́sẹ̀, tó tún lọ wọ ìbọ̀sẹ̀ òtútù sí i, mọ bó ṣe ń rí.

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé tìmùtìmù rọ̀ lọ́wọ́. A fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó wú padà, a ní ara á tu ẹṣin. Ọwọ́ wa kọ́ ló máa gbé ẹni tó jókòó sórí gàárì.

Gàárì tó há máa ń lékè sórí ẹ̀yìn tó fẹ̀ ni, kì í jókòó. Iwájú rẹ̀ á gbé sókè, ẹni tó gùn ún á máa ṣubú sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ irú ẹṣin yìí kò sì ní gegele gidi níbi tí ọrùn ti pàdé ẹ̀yìn, tí ì bá di gàárì mú, nítorí náà gbogbo rẹ̀ á máa yí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tìmùtìmù tún gbé e ga sí i, ó wá ń yí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kí ni ẹlẹ́ṣin máa ṣe? Á fa ọ̀já abẹ́ ikùn le gan-an. Ẹṣin á ká etí sẹ́yìn, á fẹ́ bù ú jẹ, wọ́n á ní ìwà ẹṣin náà ò dáa. (Ẹ má fi ti Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde dá mi lóhùn o. Ẹ̀ṣọ́ ló pọ̀ jù nínú aṣọ àti awọ tí wọ́n ń tò lé ẹṣin níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹṣin wọn sì ti Òkè Ọya wá, wọn ò gbòòrò tó Cob.)

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí i fúnra yín, ẹ tú gàárì kúrò lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti gùn ún dáadáa, kẹ́ ẹ wo òógùn. Gbogbo ẹ̀yìn á rin gbingbin, àmọ́ lẹ́yìn èjìká, lọ́tùn-ún àti lósì, ẹ lè rí ojú kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ tó gbẹ. Àwọn kan á ní ibẹ̀ ló dáa jù. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìnira ló pọ̀ níbẹ̀ débi pé òógùn ò rọ́nà jáde. Ó lè jẹ́ pé gàárì kò kan ibẹ̀ rárá náà. Ẹ ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó gùn ún lọ́jọ́ kejì, ẹ óò mọ èyí tó jẹ́. Tí irun funfun bá ti hù síbẹ̀ lára ẹṣin tí kì í ṣe funfun, ara ti fara pa níbẹ̀ ṣáájú.

Ti gígùn tún wà ńbẹ̀. Ẹ̀yìn eegun èjìká ni gàárì ti ń bẹ̀rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ kọjá eegun ìhà tó kẹ́yìn, tó sábà máa ń jẹ́ ìkejìdínlógún. Ẹ fi ìka wá eegun yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn, kẹ́ ẹ tọ̀ ọ́ lọ sókè dé ẹ̀yìn. Àyè tó ṣẹ́ kù lára Cob á yà yín lẹ́nu. Ẹ má sì sún gàárì síwájú láti rí àyè, torí gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ iwájú bá nà ni eegun èjìká ń yí sẹ́yìn. Tìmùtìmù wo ló fẹ́ gé gàárì kúrú? Íńṣì 17, bí àpẹẹrẹ, tí wọ́n kọ sára gàárì, ìwọ̀n ìjókòó ẹni tó ń gùn ún nìyẹn. Ohun tó tẹ́ lé ẹ̀yìn ẹṣin lọ́tọ̀. Gàárì méjì lè jọ jẹ́ 17, kí abẹ́ ọ̀kan gùn, kí ti èkejì ká sókè lẹ́yìn, kó sì gba ẹṣin tó kúrú. Ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé ìjókòó tó lè gbà á ti gùn ju ẹ̀yìn ẹṣin náà lọ pátápátá. Ẹṣin míì ló yẹ kó gùn.

"Wide" (ìyẹn, ó fẹ̀) tí wọ́n kọ sára gàárì náà ò ju ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ṣe é lọ. "Wide" ti ẹlòmíràn lè má tó o. Ẹ wo bí iwájú férémù ṣe tẹ̀. Èyí tó rí bíi lẹ́tà V tí wọ́n dojú rẹ̀ dé máa fún ẹ̀yìn tó rí roboto pa nísàlẹ̀, bó ti wù kó fẹ̀ tó. Èyí tó tẹ̀ roboto bíi U tó dojú dé ló ń bá irú ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ mu.

Ẹ tẹ wáyà lé ẹ̀yìn ẹṣin, ní ẹ̀yìn èjìká gan-an, kẹ́ ẹ fi yàwòrán sórí páálí, gé e, kẹ́ ẹ mú un dání lọ ra gàárì. Ẹ kọ́kọ́ gbé gàárì lé e láìsí aṣọ kankan lábẹ́. Society of Master Saddlers, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ gàárì, ní àwọn tó kọ́ṣẹ́ wíwọn gàárì káàkiri Bìrìtìkó. Owó wọn kò pọ̀ tó ti dókítà ẹranko tó ń wo ẹ̀yìn ẹṣin.

Ibì kan wà tí tìmùtìmù ti wúlò: tí gàárì bá fẹ̀ díẹ̀ ju ẹṣin lọ, bóyá nítorí pé ó ṣàìsàn tí iṣan ẹ̀yìn rẹ̀ fọn, ẹ lè fi dí àyè náà títí ara á fi padà. Ẹ sì máa wò ó lóòrèkóòrè, torí bí koríko bá ti yọ lẹ́yìn òtútù, Cob lè sanra láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí gàárì tó gbà á lóṣù Kejì má gbà á mọ́ lóṣù Karùn-ún.