Kí Ni Kúlà Mi Fi Ṣe Yín Gan-an?

₦6,500 fún abọ́ ìrẹsì kan. Abọ́ ni mo wí o, n kò sọ pé àpò. Ẹni tó bá kó ọmọ lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ ní ọdún Àjíǹde tó kọjá yìí ti mọ ibi tí mò ń lọ, ẹ má wulẹ̀ jẹ́ kí n máa ṣàlàyé.

Ilé ni mo ti dáná tèmi. Alẹ́ ni mo ti bó ẹ̀wà, ìdájí ni mo sì dìde pọ́n mọ́ínmọ́ín, eléwé ni o, kì í ṣe oníke. Ìrẹsì Ìgbẹ́mọ ni mo fi se jọ́lọ́ọ̀fù, torí ta ló lágbára ìrẹsì òkè òkun mọ́? Mo din dòdò, mo din ẹja, mo to omi inú ọ̀rá tó ti dì sí ìsàlẹ̀ kúlà. Gbogbo ẹ̀ pátá, kò tó owó abọ́ mẹ́ta nínú ọgbà yẹn.

A dé ẹnu géètì, a sanwó ìwọlé lórí-ò-jorí tán, ìgbà náà ni sìkióríìtì wá rí kúlà. "Mọ́mì, ẹ bá wa ṣí i." Mo ṣí i. Ó tẹrí bọ̀ ọ́ bí ẹni ń wá ìbọn. "Ẹ ò lè gbé oúnjẹ wọlé o." Bàbá àwọn ọmọ ní kí wọ́n dá owó wa padà ká máa lọ, wọ́n ní owó tó bá ti wọlé kì í jáde mọ́, pé ó wà lẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, àyàfi kéèyàn wọ awò kó tó rí i kà. Wọ́n wá ní àwọn á bá wa tọ́jú kúlà, ₦500. Ẹ gbọ́ o! Èmi ni mo sanwó fún ẹni tó gba oúnjẹ lọ́wọ́ mi.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ebi ti dé. Ọmọ tó ti ń gun jangirọ́fà láti àárọ̀ kò mọ̀ pé ìlú le. Ilé oúnjẹ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, wọn ò kọ iye owó nǹkan kan síta. Bẹ́ẹ̀, òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2018 tó ń dáàbò bo oníbàárà ní kí ẹni tó bá pàtẹ ọjà kọ iye rẹ̀ kí aráyé rí i. Ẹ bi wọ́n, "Ẹ kọ́kọ́ jókòó ná, mà." Wọ́n bù ú tán kí owó tó yọjú. Dòdò mẹ́rin, mo kà á. Apá adìẹ kan tí eegun ẹ̀ pọ̀ ju ẹran lọ. Ṣíbí oníke tó kán kí ọmọ tó bu ẹ̀ẹ̀kejì. Omi oníke tí ìyá tó wà níta géètì ń tà ní ₦300, ₦1,000 ni tiwọn. Mo fi káàdì sanwó, àlááàtì wọlé sórí fóònù mi, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan, kí n san kaṣì. Ibi tí mo ti ń bá wọn fa ìyẹn ni oníkámẹ́rà kan ti ń ya àwọn ọmọ mi láìgba àṣẹ, ó tún ń béèrè owó fọ́tò. Fọ́tò ebi!

Àbúrò mi wà ní Florida. Ó ní ní Walt Disney World, ọgbà ìgbafẹ́ ńlá tó wà níbẹ̀, tí gbogbo ayé ń ké pé ó wọ́n, wọ́n máa ń jẹ́ kéèyàn gbé oúnjẹ tiẹ̀ wọlé. Ìgò àti ọtí líle ni wọn ò fẹ́. Ife omi tútù sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ wọn. Láti 1971 ni wọ́n ti ṣí ibẹ̀, kúlà ẹnì kankan ò tíì sọ wọ́n di alágbe. Èkìtì níbí, tí a kì í jẹ́ kí àlejò lọ láìjẹ iyán, ni wọ́n ti ń lé mọ́ínmọ́ín padà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo lọ gba kúlà nírọ̀lẹ́, mọ́ínmọ́ín ti dín! Ewé ẹ̀ wà lábẹ́ àga sìkióríìtì, ó ń dán fún epo. Mo bi í, ó ní ewúrẹ́ ni. Ewúrẹ́ wo ló ń jẹ mọ́ínmọ́ín tó ń fi ewé sílẹ̀, tó tún ká ewé ọ̀hún pọ̀ dáadáa?

Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Kí ẹni tó ni ọgbà náà gba owó oṣù tíṣà kan dání, kó kó ọmọ mẹ́rin lọ jẹun níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, kó má fọwọ́ kan owó mìíràn títí oṣù á fi parí. Tó bá ṣe é yọrí, mo gba kámú. Tí kò bá lè ṣe é, kí wọ́n kúkú kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́nu géètì pé kí oníkálukú bọ́ ikùn ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ sìkióríìtì kó tó wọlé, ₦500 ni owó ìtọ́jú.